Ilẹ̀kùn Ògògà àti Àga Òyìnbó

Láàárín ọdún 1910 sí 1914, agbẹ́gilére kan láti Ìsẹ̀ ń gbé láàfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ògògà ń bọ́ ọ, òun náà ń gbẹ́ igi: òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn, oríṣiríṣi ohun ẹ̀yẹ ààfin.

Ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà ni ilẹ̀kùn onípátákó méjì. Ìtàn ìlú ló gbẹ́ sí i lára. Ní pátákó kan, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ tòun tadé. Ní èkejì, wọ́n ru òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ambrose wọ̀lú, àwọn alárù sì ń tẹ̀ lé e tàwọn tẹrù lórí. Ọlọ́wẹ̀ kò kàn fín igi lójú. Ó gbẹ́ àwọn ènìyàn náà yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí o ó fi ní wọ́n fẹ́ jáde kúrò lára pákó. Ilẹ̀kùn lásán ni láàfin, tí wọ́n ń ṣí, tí wọ́n ń tì.

Ní 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní kí gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn kó ohun àrà wá. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ lọ. Àwọn òyìnbó rí i, ẹnu yà wọ́n. British Museum ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á.

Ká ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ilẹ̀kùn ìbá padà sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó yí padà, ó di ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀. Ògògà gbà láti fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ bí wọ́n bá lè ṣe ìtẹ́ fún òun ní ìlú òyìnbó, irú èyí tí òun fẹ́. Wọ́n ṣe ìtẹ́ náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ilẹ̀kùn dúró sí Lọ́ńdọ̀nù.

Dúró díẹ̀ níbí, ìwọ tó ń kà á. Má yára bú ọba. Àwọn tó fẹ́ ilẹ̀kùn náà ní ìjọba lẹ́yìn, ìjọba ọ̀hún ló sì ń gba owó orí, òun ló lè rọ ọba lóyè. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o lè ní rárá. Ẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Síbẹ̀, mo rò pé ohun mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, òun ni mo fẹ́ kí o wò dáadáa. Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láàyè. Ìsẹ̀ kò jìnnà. Bí ilẹ̀kùn kan bá lọ, wọn yóò ní kó gbẹ́ òmíràn. Ó sì gbẹ́ òmíràn lóòótọ́, wọ́n fi dípò èyí tó lọ. Ta ni yóò máa ṣọ̀fọ̀ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ lè tún ṣe? Ohun tó wà nítòsí wa kì í jọ ohun tó lè tán. Èrò yìí ló gbé ilẹ̀kùn lọ ju àga lọ. Nígbà tó di 1938, Ọlọ́wẹ̀ kú, kò sì sí ẹni tí ìlú lè ránṣẹ́ sí mọ́.

Èyí tó tún dùn mí jù ni pé nígbà tí wọ́n pàtẹ ilẹ̀kùn náà ní Wembley, wọn kò kọ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ sí i. Àwọn tó ń yìn ín kò mọ ẹni tí wọ́n ń yìn. Lónìí, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ fojú rí ilẹ̀kùn ààfin ìlú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba físà.

Àwọn òpó ńkọ́? Ní 1959, òyìnbó kan tó ń jẹ́ William Fagg gbé kámẹ́rà wọ ààfin Ìkẹ́rẹ́, ó ya àwọn òpó Ọlọ́wẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí nínú àgbàlá. Ọ̀kan nínú wọn ni òpó ọba tó jókòó, tí ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó ga jù ú lọ fíìfíì. Ní 1984, òpó yẹn di ti Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà. Bí o bá fẹ́ mọ bó ṣe dúró láàfin, àti èwo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fọ́tò Fagg ni o ó lọ wò.

Ayafọ́tò kò wọ́n nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà o. Ènìyàn a wọ aṣọ ọdún, a lọ jókòó níwájú aṣọ tí wọ́n ya òdòdó sí, a gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ilé tó ti múra jáde kò sí nínú fọ́tò. Àpáta tó wà lẹ́yìn ilé kò sí níbẹ̀. Owó ni wọ́n fi ń ya fọ́tò nígbà yẹn, n kò lè dá wọn lẹ́bi pé wọn kò ná an lórí ògiri.

Ìwọ ńkọ́? Kámẹ́rà wà lápò rẹ láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò sì ná ọ ní kọ́bọ̀. Bóyá fóònù rẹ ti kún fún aṣọ ẹbí. Wò ó bóyá ilé bàbá rẹ àgbà wà níbẹ̀. Wo odò tí ìyá rẹ ti ń pọn omi kí ẹ̀rọ tó dé. Bí o bá jẹ́ ọmọ Èmùré tàbí Ìsẹ̀, wo ọ̀nà oko àti igbó tó kù.

O lè ní ilé náà kò lọ síbì kan. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní nípa ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́. Ilé alámọ̀ kì í pẹ́ wó bí pánù bá ti ṣí lórí rẹ̀. Òjò ọdún kan tàbí méjì ti tó. Nígbà tí wọ́n bá ń fẹ títì, katakata kì í béèrè ọjọ́ orí ilé. Àpáta pàápàá, ẹ̀ ń gbọ́ ìró àwọn tó ń fọ́ òkúta. Má sì rò pé òfin nìkan lè gba ilé là. Ìjọba ti kéde ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ilọ́jọ̀ Bar ní Èkó ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, 2016. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ojú fèrèsé rẹ̀ ṣe rí, fọ́tò ló kù fún un.

Nítorí náà, bí o bá délé, gbé fóònù jáde. Ya iwájú ilé, ya ilẹ̀kùn, ya fèrèsé, ya òkè ògiri níbi tí àwọn tó rówó kòkó ti máa ń fi sìmẹ́ǹtì kọ orúkọ àti ọdún. Bí òkè lo fẹ́ yà, Òkè Olósùnta àti Òròlé ní Ìkẹ́rẹ́ kì í hàn dáadáa nígbà ọyẹ́. Dúró de ẹ̀yìn òjò, nígbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́. Ṣùgbọ́n Olósùnta ju àpáta lọ fún ará Ìkẹ́rẹ́. Ibi ìbọ ni. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kí o tó ya ohunkóhun níbẹ̀, bí wọ́n bá sì ní kí o má yà á, fi fóònù sápò. Má fi ẹ̀yìn rìn lórí àpáta nítorí kí òkè lè wọ inú fọ́tò rẹ. Òjò máa ń mú àpáta yọ̀, kò sì sí fọ́tò tó tó ẹ̀mí rẹ.

Fọ́tò tí kò lórúkọ kò tíì parí. Béèrè ta ló kọ́ ilé náà, ta ni bíríkìlà, ta ni káfíńtà tó kan ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà lè mọ̀ ọ́n. Lọ béèrè nígbà tó ṣì lè dá ọ lóhùn. Kọ ọdún tí o yà á àti orúkọ àdúgbò. Má fi í sínú fóònù kan ṣoṣo, nítorí olè ń jí fóònù, fóònù sì ń bọ́ sómi. Fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí, kí o sì tẹ díẹ̀ jáde lórí ìwé. Fi bírò kọ gbogbo orúkọ náà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ti bíríkìlà ṣáájú ti onílé.