Ẹni Tí Àwòrán Kò Mú

Ní ìlú Chalon-sur-Saône ní ilẹ̀ Faransé, létí odò Saône, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí wọ́n fi orúkọ Nicéphore Niépce pè, ọmọ bíbí ìlú náà tí a bí ní 1765, ẹni tí ó mú oòrùn so bí ẹran, tí ó sì fi dandan lé e pé kí ó fi àwòrán ohun tí ó tàn sí sílẹ̀ kí ó tó wọ̀. Nígbà tí mo dúró níwájú àwọn àpótí onígi tí baba yìí fi ṣiṣẹ́, tí wọn kò jọjú ju àpótí tí gbẹ́nàgbẹ́nà ń kó ìṣó sí lọ, ìbéèrè kan jí lọ́kàn mi: ṣé rírí ni a fi ń wà, tàbí ẹni tí ojú kò tó náà wà?

Àwòrán tí Niépce yà láti ojú fèrèsé ilé rẹ̀ ní nǹkan bí 1826 tàbí 1827 gbà á ní ọ̀pọ̀ wákàtí, tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ fi jọ wà lára ògiri ọ̀tún àti ti òsì. Ilé wà níbẹ̀, ènìyàn kan kò sí. Daguerre, tí òun àti Niépce da òwò pọ̀ ní 1829, sọ wákàtí di ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Síbẹ̀, nígbà tí ó ya Boulevard du Temple ní Paris ní 1838, òpópónà tí ẹsẹ̀ kì í dá, ṣe ni ibẹ̀ dá wáí bí ọjà tí ó ti tú, nítorí pé ẹni tí ń rìn kò dúró pẹ́ tó kí àwo tí Daguerre fi ń gba àwòrán tó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan ni ó hàn, ẹni tí ó gbé ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n bá a nu bàtà. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàtà náà ṣe bàìbàì, nítorí ọwọ́ òṣìṣẹ́ kì í dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó mú ẹni tí ó ń sìn dúró tí àwòrán fi mú un, iṣẹ́ yẹn kan náà ni kò sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ hàn dáadáa.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ní ìgbà kan rí, bí ọ̀kan nínú Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn bá papòdà kí wọ́n tó ya fọ́tò rẹ̀, àwọn ayàwòrán mìíràn a máa ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn, kí ìyá lè rí ohun wò ní ipò ère ìbejì. Ẹni tí kámẹ́rà kò bá láyé kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹni tí kò wá sáyé.

Mo jáde ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà pẹ̀lú kámẹ́rà tèmi, tí ń mú àwòrán kí ojú tó ṣẹ́, mo dé gbàgede iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Vincent lẹ́yìn tí ọjà tú. Agbálẹ̀ kan ń gbá ewé àti bébà jọ. Èmi sì dúró, mo ń retí kí ó kúrò kí ilé ìsìn náà lè hàn ní mímọ́ tónítóní. Ibẹ̀ ni ojú ti tì mí. Ohun tí ìlọ́ra mú kí àwo Daguerre ṣe, àwo tí kò ní ọkàn, ni èmi elẹ́mìí ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe: mo fẹ́ ìmọ́tótó, n kò fẹ́ rí ẹni tí ó mú un wá.

Ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ná ọjà yìí lọ tí dígí kankan kò gba òjìji wọn dúró, ṣùgbọ́n Olódùmarè, Arínúróde, Olùmọ̀ràn-ọkàn, tí kì í ní kí ènìyàn dúró kí Ó tó rí i, mọ gbogbo ẹsẹ̀ tí ó kọjá ní Boulevard du Temple lọ́jọ́ náà. Mo kí agbálẹ̀ náà, mo tọ́ka sí kámẹ́rà láti tọrọ àyè. Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí pé kò burú, kò sì dá iṣẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yà á: ojú rẹ̀ hàn ketekete, ìgbálẹ̀ rẹ̀ ṣe bàìbàì, ilé ìsìn wà lẹ́yìn rẹ̀.