Fìtílà ní Òru tí Kò ní Òṣùpá

Bí a bá ní kí ẹnìkan nínú wa yan òru tí a ó fi tan iná ọdún, ó dájú pé òru òṣùpá ni yóò yàn, nígbà tí ìta mọ́ rekete tí àwọn ọmọdé sì ń ṣeré. Àwọn Híńdù ilẹ̀ Íńdíà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òru tí òṣùpá kò yọ rárá, nínú oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, ni wọ́n fi ń ṣe ọdún Dìwálì, orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Sáńskrítì jẹ́ ọ̀wọ́ fìtílà. Kí ni fìtílà náà ń ṣe fún ọkàn ẹni tí ó tàn án? N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa lọ tẹríba fún òrìṣà wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ka Ìyìn Rere Jòhánù kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ṣe àjèjì sí òun.

Ohun kékeré ni fìtílà náà: àwo amọ̀, òróró mústádì tàbí ọ̀rá wàrà màlúù tí a yọ́, àti òwú lílọ́. Àwọn ìyá wa àgbà ìbá dá a mọ̀ lójú kan náà, nítorí irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi epo pupa tàn kí kẹrosíìnì tó dé. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á ti gbá ilé, wọ́n á ti kun ògiri, nítorí wọ́n gbàgbọ́ pé Lakshmi, òrìṣà obìnrin tí ó ni ọrọ̀, kì í wọ ilé eléèérí. Àwọn oníṣòwò Gujarat á gbé ìwé ìṣirò owó tuntun ka iwájú òrìṣà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ọdún sínú rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò wí pé ìfẹ́ owó lásán ni, pàápàá bí ó bá gbọ́ pé àwọn kan a máa ta tẹ́tẹ́ ní òru náà gan-an. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ìwé owó rẹ̀ ka iwájú ohun tí ó ń sìn ti jẹ́wọ́ pé ojú mìíràn wà tí ń ka ohun tí òun kọ. Mélòó nínú àwa tí ń lọ sí ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi ni ó lè gbé tirẹ̀ dé ibi pẹpẹ?

Ní àríwá Íńdíà, ìtàn tí wọ́n so mọ́ iná náà ni ti Rama, ọmọ ọba Ayodhya, tí ó fi ọdún 14 gbé inú igbó nítorí ìlérí tí baba rẹ̀ ti ṣe fún ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀. Bharata, àbúrò rẹ̀ tí a fẹ́ fi jọba, kọ̀ láti jókòó. Bàtà Rama ni ó gbé ka orí ìtẹ́, ó sì ń ṣe àkóso ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ravana jí Sita, aya Rama, gbé lọ sí Lanka. Rama bá a jà, ó pa á, ó sì gba aya rẹ̀ padà. Bí wọ́n ti ń bọ̀ wálé, àwọn ará Ayodhya tan fìtílà sí ojú ọ̀nà kí ọba wọn má baà rìn nínú òkùnkùn.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ìbá dùn. Ṣùgbọ́n nínú apá ìkẹyìn Ramayana tí a kà sí iṣẹ́ Valmiki, àwọn ará ìlú kan náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ̀rọ̀ Sita lẹ́yìn: obìnrin tí ó ti gbé ilé ọkùnrin mìíràn, báwo ni ọba ṣe gbà á padà? Ó ti la iná kọjá ní Lanka láti fi hàn pé òun mọ́. Ìyẹn kò tó wọn. Rama gbọ́, ó sì mú kí a fi í sílẹ̀ nínú igbó, tòun ti oyún inú rẹ̀. Nígbà tí Tulsidas tún ìtàn náà sọ ní èdè àwọn ará ilé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, kò ròyìn lílé tí a lé Sita. Mo rò pé ojú rẹ̀ kò gbà á.

Èyí ni ó ń dà mí láàmú. Ọwọ́ tí ó tan fìtílà ní òru ìpadàbọ̀ àti ẹnu tí ó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ara kan náà ni wọ́n wà. Iná náà mọ́ títí dé ààfin. Kò mọ́ dé inú ẹni tí ó tàn án. Nítorí náà n kò lè bá àwọn tí ń wí pé Dìwálì jẹ́ ìrántí pé rere ti ṣẹ́gun búburú dúró síbẹ̀. Ravana ti kú kí a tó tan iná. Ohun tí ó lé Sita kò kú. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń tàn án lọ́dọọdún, tí wọn kò tàn án lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì sinmi.

Àwọn Síkì náà a máa tan iná ní ìgbà kan náà, ṣùgbọ́n ìtàn tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ní Ọba Jahangir fi Guru Hargobind, olórí ìsìn wọn kẹfà, sínú ẹ̀wọ̀n ní ilé-olódi Gwalior. Nígbà tí a fẹ́ tú u sílẹ̀, ó ní òun kò ní jáde bí a kò bá tú àwọn ọmọ-aládé 52 tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọba wí pé kìkì àwọn tí ó bá lè di aṣọ rẹ̀ mú ni yóò bá a jáde. Guru náà sì ní kí a rán ẹ̀wù kan fún òun tí ó ní wajawaja 52 ní etí; olúkúlùkù di ọ̀kan mú, gbogbo wọn sì jáde.