Ta Ló Kọ́ Catherine ní Ìkà?

Bí àwa Yorùbá tó ń gbé Krofrom ní Kumasi bá fẹ́ yin ọmọbìnrin, a máa ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í rìn káàkiri, ohùn rẹ̀ kì í ga níwájú àgbà. Àfi bíi pé ojútì nìkan ti tó ọmọlúàbí. Òṣèré Olivia de Havilland kò jẹ́ kó rọrùn bẹ́ẹ̀ nínú The Heiress, fíìmù tí William Wyler ṣe lọ́dún 1949.

Catherine Sloper, ẹni tí de Havilland ṣe, jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo dókítà olówó kan ní New York. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ kò sì yéé fi í wé olóògbé náà. Lóde àríyá, nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan, Morris Townsend, fà á jó, ohùn Catherine tín-ín-rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ. Ẹ̀rù ló ń bà á. Àwa là ń pè é ní ẹ̀kọ́ ilé.

Bàbá rí i pé owó ni Morris ń wá, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ fún ọmọ náà pé yàtọ̀ sí owó, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó ń fi òótọ́ na ọmọ rẹ̀ báyìí, mi ò lè pè é lọ́mọlúàbí.

Lóru tí Morris já a kulẹ̀, tí kò wá mú un kí wọ́n jọ sá lọ ṣègbéyàwó bí wọ́n ṣe ṣètò, Catherine gbé àpótí aṣọ rẹ̀ gun àtẹ̀gùn padà. Wọ́n ní Wyler di ìwé kún inú àpótí náà kó lè wúwo ní tòótọ́. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fà, kò sì sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Morris padà dé. Catherine, tí ohùn rẹ̀ ti wá nípọn, gbà láti fẹ́ ẹ, ó wá ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Ibí ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ nílé wa, níbi tí a ti jọ wo fíìmù náà. Ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà pàtẹ́wọ́. Èmi ní ó parọ́: ì bá sọ ọ́ sí i lójú pé òun kò ṣe mọ́. Àmọ́ nígbà tí àǹtí rẹ̀ bi í bó ṣe lè ya ìkà tó bẹ́ẹ̀, ó ní àwọn ọ̀gá ló kọ́ òun. A mọ ọ̀gá àkọ́kọ́.

De Havilland gba Oscar fún iṣẹ́ yìí lọ́dún 1950, ó sì tọ́ sí i, torí kò bẹ̀ wá ká ṣàánú Catherine, kò sì ní ká kórìíra rẹ̀. Ìyá aláṣọ kò gba tèmi. Wọ́n ní bó bá jẹ́ àwọn ni, àwọn ì bá tún da omi lé Morris lórí láti ojú fèrèsé.