Àkọ́ọ̀gbà àti Ọsàn Ẹlẹ́jẹ̀

Láti ayébáyé ni àwọn Yorùbá ti ń pín ọmọ tí kò gbẹ̀kọ́ sí ọ̀nà méjì: àbíìkọ́ àti àkọ́ọ̀gbà. Ẹ̀bi àbíìkọ́ wà lọ́rùn òbí; ẹ̀bi àkọ́ọ̀gbà wà lọ́rùn ọmọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ títí tí kò sì rí èso iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń sọ ni pé, "Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn." Ǹjẹ́ òtítọ́ ni pé àbímọ́ nìkan ni ó ń pinnu ohun tí ènìyàn yóò dà?

Ẹni tí ó bá dé ọjà èso ní Zuba, ní Abuja, lè bẹ̀rẹ̀ sí rí ìdáhùn níbẹ̀. Èèpo ọ̀pọ̀ ọsàn mímu tí wọ́n ń tà ṣì ní àwọ̀ ewé lára. Àlejò láti ilẹ̀ òtútù lè rò pé kò tíì pọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mu ún mọ̀ pé ó ti gbó, ó sì dùn. Òru tútù ni ó ń mú kí àwọ̀ ewé kúrò lára èèpo ọsàn. Níbi tí òru bá ti móoru, àwọ̀ náà kì í tètè lọ.

Ọsàn mìíràn wà tí inú rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ó gbilẹ̀ ní àyíká òkè Etna, ní erékùṣù Sicily ní ilẹ̀ Ítálì. Ní 2012, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwádìí John Innes ní Norwich, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣe àlàyé ohun tí ó fà á. Wọ́n rí jíìnì kan, èyíinì ni àṣẹ àjogúnbá tí ó wà nínú ara ohun alààyè, wọ́n sì pè é ní Ruby. Òun ni ó ń pàṣẹ kí àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní anthocyanin jáde. Nínú èso ọsàn mímu lásán, Ruby kì í ṣiṣẹ́. Nínú ọsàn ẹlẹ́jẹ̀, ègé àjogúnbá kan tí ó máa ń ṣí kiri ti wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Ruby. Bí òtútù bá mú, ègé náà a ta Ruby jí. Ní ilẹ̀ tí òru kì í tutù, inú ọsàn yìí kì í sábà pupa dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ náà wà nínú rẹ̀.

Ṣé ibùgbé ni gbogbo rẹ̀, nígbà náà? Rárá o. Bí òtútù mú ọsàn mímu lásán títí, inú rẹ̀ kò ní pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ewé tuntun àti òdòdó lẹ́mọ́ọ̀nù máa ń ní àwọ̀ elésè-àlùkò, síbẹ̀ èso rẹ̀ kì í ní in. Gíréèpù pupa ní tirẹ̀, lycopene tí ó wà nínú tòmátì ni ó fún un ní àwọ̀, ooru ni ó sì fẹ́. Òtútù tí ó ṣe ọ̀kan lóore kò ṣe èkejì lóore.

Lóòótọ́, ọmọ kì í ṣe ọsàn. Ọmọ ní ọkàn, ó lè fẹ́, ó sì lè kọ̀. Nítorí náà, àkọ́ọ̀gbà wà láyé. Ṣùgbọ́n onímọ̀ lè ka àṣẹ tí ó wà nínú ọsàn. Kò sí olùkọ́ tí ó lè rí gbogbo ohun tí ó pamọ́ sínú ọmọ. Ẹni tí ó bá ní kò sí ohun kan nínú ọmọ ń dájọ́ ohun tí kò rí. Ẹni tí ó sì ń fẹ́ kí gbogbo kíláàsì pọ́n ní àwọ̀ kan náà, ní ọjọ́ kan náà, òun náà kò ṣe ẹ̀tọ́.

Kí olùkọ́ tó pe ọmọ ní àkọ́ọ̀gbà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè irú ojú ọjọ́ tí ó wà nínú kíláàsì rẹ̀.