Òkú Tí Wọ́n Gbé Rédíò Tì

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Ọ̀gágun Angus Campbell, olórí àwọn ológun ilẹ̀ Ọsirélíà, jáde síta, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Afghanistan. Ìwádìí tí Adájọ́ Paul Brereton fi ohun tó lé ní ọdún mẹ́rin ṣe ló mú un jáde. Ìwádìí náà sọ pé ẹ̀rí tó ṣeé gbà gbọ́ wà pé àwọn ọmọ ogun àkànṣe Ọsirélíà pa ènìyàn 39 láìtọ́: ẹni tí wọ́n ti mú tí wọ́n ti dè, àgbẹ̀, ará abúlé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kú lójú ìjà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ọmọ ogun tuntun bá dé, ọ̀gá tó ń darí ikọ̀ rẹ̀ á fa ẹni tí wọ́n mú lé e lọ́wọ́, á ní kó yìnbọn pa á. Wọ́n ní kí ọwọ́ rẹ̀ lè kan ẹ̀jẹ̀ ni, kó lè di ọ̀kan lára wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ìbọn tàbí rédíò kékeré kan ti òkú náà, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé jagunjagun ọ̀tá ni. Òkú kọ́ ló ni rédíò yẹn. Àwọn ọmọ ogun ló ń gbé e káàkiri, wọ́n ti dì í mọ́ ẹrù kí wọ́n tó kúrò ní bárékè, kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò kú lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí inú bí tó sì pànìyàn, a lè ní ìbínú ló gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti di irọ́ sápò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ti bá ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ nílé. Ti ọmọ tuntun yẹn ló dùn mí jù. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú ikọ̀ yìí, àgbà gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orí ọmọ náà wọ́, tó sì ní kí àwọn yòókù máa pàtẹ́wọ́ fún un.

Bí òtítọ́ bá ti lọ, ìtìjú kì í pẹ́ tẹ̀lé e. Ní Tarin Kowt, níbi tí bárékè wọn wà ní agbègbè Uruzgan, wọ́n ní ilé ọtí tiwọn tí òfin kò fọwọ́ sí. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n bọ́ lára ọkùnrin kan tí wọ́n pa ni wọ́n ń rọ bíà sí mu níbẹ̀. Ìwé ìròyìn The Guardian gbé fọ́tò rẹ̀ jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ òkú mutí, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń yà á ní fọ́tò, ó dá a lójú pé kò sí ẹni tí yóò bá òun wí. Ohun tó fi dá a lójú ló yẹ kí á wò.

Ogun Afghanistan yìí ní ìdí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Al-Qaeda, tí ìjọba Taliban gbà sílé ní Afghanistan, pa ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Nígbà tó di ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, bọ́ǹbù ti ń rọ̀ sórí Afghanistan. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Taliban ti wó. Síbẹ̀, àwọn ológun àjèjì, ti Ọsirélíà pẹ̀lú wọn, kò kúrò níbẹ̀. Ogún ọdún ni wọ́n lò, ìdí tí wọ́n fi wà níbẹ̀ sì ń yí padà bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ààrẹ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ogun àkànṣe kan náà ni wọ́n ń rán padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí wọ́n lọ wá àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé kan. Bó bá ti jẹ́ pé iye òkú lọ̀gá fi ń díwọ̀n iṣẹ́, òkú náà ni ọmọ ogun yóò máa wá.

Òru ni wọ́n sábà máa ń dé. Wọ́n á fi bọ́ǹbù já ilẹ̀kùn, ajá á ṣíwájú wọn, wọ́n á sì wọ ìyẹ̀wù àwọn obìnrin, ibi tí ọkùnrin àjèjì kò gbọdọ̀ dé láàárín ẹ̀yà Pashtun. Hamid Karzai, ààrẹ Afghanistan nígbà náà tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ tì lẹ́yìn, pariwo títí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti gbé ìwádìí kalẹ̀, tí Adájọ́ Haddon-Cave jẹ́ alága rẹ̀, lórí irú iṣẹ́ òru bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun àkànṣe wọn ṣe láàárín ọdún 2010 sí 2013.

N kò sọ pé ẹni rere ni Taliban. Ní ọ̀pọ̀ ọdún tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ka òkú ará ìlú, àwọn Taliban àti àwọn bíi tiwọn ló pa èyí tó pọ̀ jù, bọ́ǹbù tí wọ́n rì sẹ́bàá ọ̀nà kò sì mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti òkè òkun wá ló sọ pé òfin làwọn ń mú bọ̀. Òfin náà ni mo fi ń bi wọ́n.

Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, nígbà tó ku ọjọ́ kan péré kí ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kẹ́yìn kúrò ní Kabul, ọkùnrin kan wa Toyota Corolla funfun wọ àgbàlá ilé rẹ̀. Àjọ aláàánú kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń bá ṣiṣẹ́. Omi ló wà nínú àwọn kẹ́ẹ̀gì tó kó sínú mọ́tò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi dúróònù ṣọ́ ọ láti òwúrọ̀ rò pé bọ́ǹbù ni. Àwọn ọmọdé sáré jáde wá pàdé rẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Ènìyàn 10 ló kú, ọmọdé ni 7 nínú wọn. Ọ̀gágun Mark Milley, olórí àwọn ológun Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ́kọ́ sọ pé ìkọlù òdodo ni. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn ti tú àṣírí, ni àwọn ológun tó gbà pé àṣìṣe ni. Ní oṣù Kejìlá wọ́n ní àwọn kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ènìyàn mẹ́wàá kú, kò sì sí ẹni tó pa wọ́n.

Ẹ̀bi tí àwọn ọ̀gá kò bá gbé, ọrùn ọmọ ogun ló ń já lé, á sì gbé e délé. Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí Yunifásítì Brown fojú dá a pé ó lé ní 30,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ológun tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sìn lẹ́yìn ọdún 2001, tó pa ara wọn. Àwọn tó kú sójú ogun jẹ́ bí 7,000. Àwọn ọmọ tiwa náà ń wọṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2002 ni Ààrẹ Bush ti la ọ̀nà kí àlejò tó wọ ológun lè tètè di ọmọ Amẹ́ríkà. Òbí tó ń dúpẹ́ pé ọmọ òun ti rí ìwé, ẹ jọ̀ọ́, kó fẹ̀sọ̀ bi ọmọ náà léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí, kó sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

David McBride, lọ́yà nínú iṣẹ́ ológun Ọsirélíà, ló kó ìwé àṣírí fún àwọn oníròyìn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 5 àti oṣù 8. Lọ́jọ́ tó wọ ẹ̀wọ̀n, kò tíì sí ìkankan nínú àwọn tó yìnbọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Ní kóòtù ìwà ọ̀daràn àgbáyé (ICC) tó wà ní Hague, nígbà tí Fatou Bensouda, ọmọ ilẹ̀ Gáńbíà tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà kóòtù náà nígbà náà, fẹ́ wádìí ohun tí Amẹ́ríkà ṣe, òun gan-an ni Amẹ́ríkà gbé òfin dè ní ọdún 2020. Karim Khan tó gba ipò rẹ̀ sọ lọ́dún tó tẹ̀lé e pé Taliban àti ẹ̀ka ISIS tó wà níbẹ̀ lòun máa gbájú mọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Richard Marles, mínísítà ètò ààbò Ọsirélíà, gba àmì ẹ̀yẹ padà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá kan tí ìpànìyàn wọ̀nyẹn ṣẹlẹ̀ lábẹ́ wọn. Kò dárúkọ wọn. Ohun tó ṣe dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ọ̀gá tó gba àmì ẹ̀yẹ nítorí iṣẹ́ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn fún iṣẹ́ náà ní gbangba kóòtù, lójú àwọn ẹbí òkú láti Uruzgan.