Ìrẹsì Ọgọ́rùn-ún Àpò

Òwe méjì ń bá ara wọn jà ní ọkàn mi. Àwọn àgbà ní, ‘Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.’ Àwọn àgbà kan náà ní, ‘Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.’ Bí méjèèjì bá pàdé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, èwo ni kí a tẹ̀lé?

Wọ́n pàdé rí ní Nagaoka, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Jàpáànù, tí àwọn ìjòyè ìdílé Makino ń ṣàkóso. Ní ọdún 1868, Nagaoka bá àwọn ọmọ ogun ọba ńlá jà, ogun sì ṣẹ́ wọn. Ìlú jóná. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń ka ọrọ̀ ìlú nígbà náà. Ti Nagaoka já láti 74,000 koku sí 24,000. Ebi dé. Ní ọdún 1870, àwọn ìbátan Makino tó wà ní Mineyama fi 100 àpò ìrẹsì ṣe ìrànlọ́wọ́ fún wọn.

Kobayashi Torasaburō, ọ̀kan nínú àwọn olórí ìlú, ní kí a má pín in jẹ. Ó ní kí a tà á, kí a fi owó rẹ̀ gbé ilé-ìwé ró. Àwọn jagunjagun ìlú fárígá, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, òṣì mú kí Nagaoka fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, ó di ara Kashiwazaki. Ilé lọ, àwọn ọmọ tí a kọ́ ni ó kù.

Èmi tí mo ń kọ èyí ti jẹun kí n tó mú kálàmù. Ó rọrùn fún irú mi láti yin Torasaburō. Síbẹ̀ mo gbà pé ó ṣe é re, kì í ṣe nítorí pé ìwé ju oúnjẹ lọ, nítorí òkú kì í kàwé. Ìdí mi jẹ́ méjì. Bí a bá pín 100 àpò fún odindi ìlú, kò ní pẹ́ tán. Èkejì, ilé-ìwé náà kò wà fún ọmọ jagunjagun nìkan. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣòwò náà wọlé.

Ní ọdún 2001, Junichiro Koizumi, olórí ìjọba Jàpáànù, sọ ìtàn yìí ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí àwọn ènìyàn lè fara da ìnira. Irú ìtàn báyìí a máa dùn lẹ́nu olórí. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí a pa ebi mọ́ra nítorí ọ̀la, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè: ọmọ ta ni yóò jókòó ní ilé-ìwé náà?