Ìwé Òfin Kúkurú àti Ẹrù Iyèméjì

Ìbéèrè tó wà nídìí àtúnṣe ìwé òfin ni pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí òfin de ẹni tí kò lè yé? Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀sìn Kátólíìkì ti ọ̀rúndún kẹtàlá, ka ìkéde mọ́ ohun tó ń sọ òfin di òfin, nítorí pé àṣẹ tí kò dé etígbọ̀ọ́ àwọn tó kàn kò lè darí wọn. Lon Fuller, ọ̀mọ̀wé òfin ọmọ Amẹ́ríkà, sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1964 pé àìyéni jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́jọ tí aṣòfin fi ń kùnà. Bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bá tọ́, a jẹ́ pé ọ̀ràn ẹ̀tọ́ ni olótùú tó ń gé ìwé òfin kúrú dáwọ́ lé, kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà èdè lásán.

Gígùn irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ èèṣì. Ní England àtijọ́, bí ìwé bá ṣe gùn tó ni owó akọ̀wé ṣe ń pọ̀ tó ní Chancery, ìyẹn ilé ẹjọ́ tí ń fi ẹ̀rí ọkàn dájọ́ níbi tí òfin lásán bá ti le koko jù. Níbẹ̀, nínú ẹjọ́ Mylward àti Welden ní 1596, ọmọ olùpẹjọ́ kọ ìwé ìfèsì tí ojú ewé 16 ìbá gbà di 120. Ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n dá ihò sí àárín ìwé náà, kí wọ́n ti orí ẹni tó kọ ọ́ bọ̀ ọ́, kí ojú tí a kọ nǹkan sí wà níta, kí wọ́n sì mú un yí gbọ̀ngàn Westminster ká láìdé fìlà nígbà tí àwọn adájọ́ wà lórí ìjókòó. Ẹ̀sín náà pọ̀, àmọ́ kò kan ètò owó tó ń bí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo gígùn ló ṣófo. Ká ní ìwé àdéhùn kan sọ pé ayálégbé kò gbọdọ̀, kò ní ẹ̀tọ́ láti, a kò sì ní gbà á láyè láti fi ilé náà tàbí apá kan rẹ̀ háyà fún ẹlòmíràn láìgba ìwé àṣẹ onílé: “kò gbọdọ̀” nìkan ti tó, kí méjì yòókù máa lọ. Ṣùgbọ́n bí olótùú bá gé “tàbí apá kan rẹ̀” mọ́ ọn, ayálégbé lè fi yàrá kan háyà kó sì jiyàn pé òun kò fi ilé fún ẹnikẹ́ni. Bó bá gé “ìwé” kúrò lára “ìwé àṣẹ”, ẹnu lásán á di ẹ̀rí. Iyèméjì tí a fi sílẹ̀ kì í pòórá, orí ẹnì kan ni yóò já lé, ìdí sì nìyí tí ìlànà kan nínú òfin àdéhùn fi ní kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ olójú méjì tako ẹni tó kọ ọ́.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi hàn dáadáa pé kíkúrú nìkan kọ́ ni ìyéni: abala 36 rẹ̀ ní kí a sọ ẹ̀sùn fún ẹni tí a fi kàn ní èdè tó yé e, àti lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́. Ìyéni àti ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ló bèèrè, kò sọ̀rọ̀ kúkurú. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tó ń kọ ìwé àdéhùn kà á sétí ẹni tí yóò buwọ́ lù ú, kó sì bi í ní ohun tó rò pé òun gbà láti ṣe, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.